Ẹ Má Ṣe Fi Ayọ́kẹ́lẹ́ Àtijọ́ Rọ Ìkòkò

Ní ọdún 1906 ni Ìjọba la ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ yìí ni ó gba Ojoo kọjá títí di òní olónìí. Ẹni tí ó bá ń ti ẹnu ọ̀nà Yunifásítì bọ̀, tí ó ń lọ sí Mọníyà, tí ó sì fẹ̀sọ̀ wo ọ̀tún àti òsì, kò ní ṣàì rí àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ti lógo rí, tí táyà ti tán lẹ́sẹ̀ wọn, tí koríko ti hù gba inú wọn yọ, tí ewúrẹ́ sì ti sọ ìjókòó wọn di ibùsùn. Nígbà tí ó bá yá, àwọn tí ń ra irin kọ́ńdẹ́mù yóò dé pẹ̀lú òòlù àti ìwọ̀n. Wọn yóò gé e, wọn yóò wọ̀n ọ́n, wọn yóò san owó péréte fún ẹni tí ó ni ín. Irin rẹ̀ yóò lọ sí ibi tí a ti ń yọ́ irin. Alumíníọ̀mù ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò di ìkòkò ọbẹ̀.

Àwa kò bá àwọn oníṣòwò irin jà o. Oúnjẹ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ń bá ìlú palẹ̀ mọ́. A kò sì sọ pé gbogbo ògbólógbòó ọkọ̀ ni ó yẹ ní gbígbàlà. Bọ́ọ̀sì akérò tí ó ti fi ogún ọdún kó èrò láti Ojoo lọ sí Dùgbẹ̀, tí ìdí rẹ̀ sì ti jẹrà, ẹ jẹ́ kí ó lọ sinmi. Ọ̀rọ̀ tiwa dá lórí àwọn díẹ̀ kan tí a kò lè rí irú wọn rà mọ́: àwọn ayọ́kẹ́lẹ́ asáré, onílẹ̀kùn méjì, tí ìdí wọn súnmọ́ ilẹ̀, tí imú wọn gùn, tí a sì lè ká òrùlé àwọn mìíràn nínú wọn sẹ́yìn kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí awakọ̀ lára. MG àti Triumph láti Ìlú Ọba wà nínú wọn. Karmann Ghia láti Jámánì wà níbẹ̀. Peugeot 504 onílẹ̀kùn méjì, tí ilé iṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì ya àwòrán rẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí àwa ń wí ni pé kí ẹni tí ó bá ní agbára ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó tún un ṣe, àti pé kí ìlú má ṣe wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí aláṣejù.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí wọ́n ti ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn tí a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, àwọn olùkọ́ òyìnbó, àti àwọn ọ̀dọ́ amòfin àti dókítà tiwa tí wọ́n ti òkè òkun dé, ni wọ́n sábà máa ń kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ̀lú. Mandilas ni ó ń ta Volkswagen fún wa, SCOA ni ó ń ta Peugeot. Nígbà tí ó di ọdún 1975, a bẹ̀rẹ̀ sí í to ayọ́kẹ́lẹ́ pọ̀ ní ilẹ̀ yìí gan-an, Volkswagen ní ọ̀nà Badagry ní Èkó, Peugeot ní Kaduna. Ayọ́kẹ́lẹ́ tí àwọn ènìyàn wa sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí roboto wọ ilé tíṣà, ó wọ ilé àlùfáà, ó wọ ilé akọ̀wé. Ẹ̀yin olùkọ́ tí orí yín ti funfun yóò rántí ariwo rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn asáré kò pọ̀ nígbà náà, wọn kò sì lè pọ̀ sí i mọ́. Òfin àwọn aṣọ́bodè wa ka mọ́tò àlòkù tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti pọ̀ jù mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé. A lóye ìdí òfin náà, nítorí kò yẹ kí gbogbo ayé sọ Nàìjíríà di ààtàn mọ́tò wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bí wọ́n bá gé MG tí a ṣe ní ọdún 1965 wẹ́lẹwẹ̀lẹ lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ gbé òmíràn wọlé rọ́pò rẹ̀ lọ́la yóò bá òfin pàdé ní bèbè òkun.

Ẹlòmíràn yóò bi wá pé níbo ni a ó ti rí páàtì rẹ̀. Ìbéèrè náà dára, ìdáhùn rẹ̀ sì dùn mọ́ni ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ẹ wo Karmann Ghia tí a ṣe láti ọdún 1955 títí di ọdún 1974. Ara rẹ̀ lẹ́wà bí aṣọ ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí i nídìí, Ìjàpá ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn ń tù, tí kò lo omi, kan náà ni. Gíà kan náà ni. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Aṣọ ni wọ́n fi yàtọ̀. Nítorí náà, mẹkáníìkì tí ó ń tún Ìjàpá tíṣà ṣe ní ogójì ọdún sẹ́yìn mọ iṣẹ́ ọkọ̀ yìí, bí kò tilẹ̀ fojú rí i rí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni 504. Láàárín ọdún 1969 àti ọdún 1983 ni Faransé ṣe onílẹ̀kùn méjì rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó sì bá ti onílẹ̀kùn mẹ́rin mu. Ọdún 1983 náà ni Faransé dá 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin dúró, ṣùgbọ́n Kaduna ń tò ó lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bá ní sùúrù láti tú àwọn ìsọ̀ ọjà Àràròmí ní Géètì yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀ kò ní ṣàì rí nǹkan mú bọ̀. Ní ti MG, àwọn ará Ìlú Ọba kò jẹ́ kí tiwọn parun: láti ọdún 1988 ni wọ́n ti ń lo àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ láti fi ṣe ara tuntun fún MGB. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Peckham, tí wọ́n ń fi aṣọ àti bàtà ránṣẹ́ sílé, lè fi rọ́bà bíréèkì sáàárín ẹrù náà.

Páàtì kọ́ ni ó ń bà wá lẹ́rù, ènìyàn ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni W. A. Dawodu ti Èkó ń ta mọ́tò, ó ń tún un ṣe, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì rò pé òyìnbó nìkan ni ó lè mọ ìdí ẹ̀rọ. Láti ọwọ́ irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ náà ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀gá sí ọmọ iṣẹ́, láìsí ìwé, láìsí ìdánwò, títí ó fi dé abẹ́ igi tí àwọn mẹkáníìkì ń jókòó sí ní Ojoo. Àgbà mẹkáníìkì a máa fi ìdí síkúrúdíráfà gígùn sí etí, yóò fi ẹnu rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, yóò sì sọ ibi tí àìsàn wà. Yóò tún kábúrétọ̀ yí díẹ̀díẹ̀ títí ohùn ẹ́ńjìnnì yóò fi tòrò. Àgbà páńẹ́bítà a máa fi òòlù igi na irin tí ó ti wọnú padà síta, títí kò fi ní í nílò pọ́tì kankan láti fi bo àṣìṣe. Ògún kì í fi iṣẹ́ báyìí fún aláìnísùúrù.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ òde òní mọ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ka àìsàn ọkọ̀ tuntun. Ìyẹn kò burú rárá. Àwa yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àtijọ́ kò ní ẹnu tí yóò fi bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Etí, ojú àti ìka ọwọ́ ni a fi ń gbọ́ tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní irú etí bẹ́ẹ̀ ti ń darúgbó, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìbá jókòó tì wọ́n ni wọ́n sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe fírídọ́ọ̀mù, tí wọ́n lọ ń gun ọ̀kadà. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ọmọ iṣẹ́ kì í jẹ ìmọ̀ ní oúnjẹ alẹ́. Bí ọkọ̀ kan kò bá wọ inú ọgbà ọ̀gá kí ó sì san owó, kò sí ohun tí ọ̀gá yóò fi kọ́ ọmọ, kò sì sí ìdí tí ọmọ yóò fi dúró. Ayọ́kẹ́lẹ́ asáré kan tí a ń tún ṣe fún ọdún méjì ju ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan lọ. Mẹkáníìkì, páńẹ́bítà, wẹ́lídà, rìwáyà, ẹni tí ń rán ìjókòó, ẹni tí ń kun ọ̀dà, ẹni tí ń fi ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀sì gbẹ́ irin, gbogbo wọn ni yóò fọwọ́ kàn án, tàwọn ti ọmọ iṣẹ́ wọn.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ máa tẹ̀lé. Nígbà tí olóyè ẹgbẹ́ yín bá ra jípù tuntun gìrìwò, ẹ̀yin a jó, ẹ̀yin a lùlù, ẹ̀yin a sì sọ pé ó ti dé. Owó jípù náà ti gba òkun lọ kí ìlù yín tó dákẹ́. Kò sí ọmọ iṣẹ́ kan ní Ojoo tí ó jẹ nínú rẹ̀ àfi ẹni tí ó fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá ra Triumph jákujàku tí ó sì ń tún un ṣe, ẹ ó máa fi í rẹ́rìn-ín pé owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí pé orí rẹ̀ ti yí. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ ni ó ń yípo láti Ojoo dé Géètì, tí ó ń di owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ àti owó àmàlà. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó yẹ kí a lùlù fún?

Ẹni tí ó bá fẹ́ dáwọ́ lé e kò gbọdọ̀ fi ojú ìfẹ́ nìkan ra ọjà. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó bí àgbà, kò lè ní àkísà tó bí àgbà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ àtijọ́ ṣe máa ń ní àkísà nínú. Kí a kọ́kọ́ béèrè ìwé rẹ̀, kí a fi nọ́ńbà inú ìwé wé èyí tí ó wà lára ṣáásíìsì; bí wọn kò bá bára mu, kí a kí ẹni tí ń tà á, kí a sì máa lọ. Lẹ́yìn náà kí a dùbúlẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Òjò ilẹ̀ wa kò ṣàánú irin: ilẹ̀ ọkọ̀, abẹ́ ìlẹ̀kùn àti abẹ́ bátìrì ni ìpẹtà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí a mú òòfà tí a fi aṣọ wé, bí èyí tí a yọ lára rédíò tí ó ti bàjẹ́, kí a máa fi kan ara ọkọ̀ káàkiri. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì ni ó wà lábẹ́ ọ̀dà níbẹ̀, irin ti kú. Ẹ́ńjìnnì tí ó kú kò tó ohun tí a ń sá fún, nítorí ẹ́ńjìnnì ṣeé tú tò. Ara tí ó ti jẹrà ni ó ń jẹ owó bí iná ti ń jẹ koríko ọ̀gbẹlẹ̀. Kí olúwarẹ̀ sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé owó àtúnṣe sábà máa ń ju owó tí a fi ra ọkọ̀ lọ ní ìlọ́po.

Nígbà tí ọkọ̀ bá dé ilé, ìwàǹwára ni ọ̀tá. A ti rí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ẹni tí ó rà wọ́n fi ìtara tú palẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan, tí kò sì rántí ibi tí bóòtù kankan ń lọ mọ́ nígbà tí ó di ọdún kejì. Òun náà ni ó padà ta á fún onírin. Kí a máa tú u ní apá kan lẹ́yìn apá kan. Kí a ya àwòrán ohun gbogbo kí a tó fọwọ́ kàn án. Kí a kó bóòtù ibì kọ̀ọ̀kan sínú agolo mílíìkì tirẹ̀, kí a kọ orúkọ ibẹ̀ sí i lára. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti gan, kí a má ṣe fi bátìrì fipá yí i: kí a yọ pílọ́ọ̀gì, kí a da ọ́ìlì sínú ihò wọn, kí a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí a wá fi sípánà yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa eèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Epo àtijọ́ tí ó ti di ọ̀rá sínú táǹkì, kí a fà á jáde. Wáyà tí eku ti jẹ, kí a má ṣe fi ọ̀rá lásán wé e. Kí rìwáyà pààrọ̀ rẹ̀, nítorí iná tí ń bẹ̀rẹ̀ láti inú wáyà kì í fún ni láyè láti sáré.

Bíréèkì ni kí a sì tún ṣe kí ẹ́ńjìnnì tó dún. A tẹnu mọ́ èyí nítorí pé òdìkejì rẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn: inú wọn a máa dùn láti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, wọ́n a sì fẹ́ gbé e yí ìlú ká lọ́jọ́ náà. Ọ́ìlì bíréèkì a máa fa omi mọ́ra bí ó bá ti pẹ́, omi náà a sì ba sílíńdà bíréèkì jẹ́ láti inú. Rọ́bà rẹ̀ a máa le, a máa la. Ọkọ̀ tí kò lè dúró kò yẹ ní ohun tí a ń kọ́ láti rìn. Àwọn tí wọ́n sọ pé irú ọkọ̀ wọ̀nyí léwu kò parọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ṣe kí ìgbànú ààbò tó di àṣà, wọn kò sì ní ohun kankan tí yóò gba orí awakọ̀ sílẹ̀ bí ó bá kọlu igi. Òpópó Èkó sí Ìbàdàn kò yẹ wọ́n, pẹ̀lú àwọn tírélà tí ń sáré níbẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀mí èṣù ń lé. Ìta gbangba ọjọ́ Sunday, ọ̀nà inú Bódìjà tàbí ọgbà Yunifásítì, ìgbéyàwó àti ọjọ́ àjọ̀dún, ìwọ̀nyí ni ibi tiwọn. Kí àjọ tí ń rí sí ààbò ojú pópó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, kọ òfin tí ó bá irú wọn mu. Kí wọ́n máa yẹ̀ wọ́n wò ní ọdọọdún dípò kí ọlọ́pàá máa fi wọ́n ṣe owó ọtí.

Àwọn mìíràn ní ayé ti rí ọ̀nà gbà. Ní Ìlú Ọba, ọkọ̀ tí ó bá ti lé ní 40 ọdún kì í san owó orí ọkọ̀ mọ́, bí ẹni tí ó ni ín bá ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Ní Kúbà, níbi tí àwọn Lukumí tí wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa wà, Amẹ́ríkà ti ọjà pa mọ́ wọn, wọn kò sì rí ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun rà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n di àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí a ṣe ṣáájú ọdún 1959 mú, wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn sínú wọn, wọ́n ń fọwọ́ gbẹ́ páàtì, títí àwọn àlejò fi ń gba òkun wá sí Havana kí wọ́n lè gun wọ́n. Ìṣẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni ó sọ ọ́ di owó. Nílé wa níbí pàápàá, ní ọdún 2014, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, mú ògbólógbòó Ìjàpá, ó fi ohun tí ń gba agbára oòrùn sí orí rẹ̀, ó fi èyí tí ń gba agbára afẹ́fẹ́ sí iwájú rẹ̀, ó sì ń wà á. Àwọn ìwé ìròyìn òkè òkun gbé e jáde. Ká ní onírin ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ìjàpá náà ni, kí ni ọmọ náà ìbá fi dánra wò?

Ẹ̀yin olùkọ́, ìlànà tí ẹ ń kọ sójú pátákó, ara ọkọ̀ yìí ni ó wà. Bí gíà ti ń dín eré kù tí ó ń fi kún agbára, bí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kí iná tó bọ́ sí i, ìdí tí òróró fi ń dín ìfigbọnra irin kù, gbogbo rẹ̀ ni ọmọ lè fọwọ́ kàn lára ọkọ̀ àtijọ́. Ti ọkọ̀ òde òní, abẹ́ ike dúdú ni wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ sí. Pọlitẹ́kíníìkì Ìbàdàn ti wà láti ọdún 1970, Yunifásítì kò sì jìnnà sí Ojoo rárá. Kí ni ó dé tí wọn kò fi lè gba ọkọ̀ kan, kí wọ́n pe àgbà mẹkáníìkì méjì wá, kí wọ́n san owó ọ̀sẹ̀ fún wọn, kí àwọn ọmọ máa fi ìwé àti kámẹ́rà tẹ̀lé ọwọ́ wọn?

Ọkọ̀ tí ó lókìkí jùlọ nínú mùsíọ́mù ilẹ̀ wa ni Mercedes tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976, tí ó wà ní Oníkàn ní Èkó. Ó tọ́ kí a pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ó ká wa lára pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní láti lọ wo ihò ọta kí ó tó rí ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ tí a tọ́jú. Mùsíọ́mù Ìṣọ̀kan wà ní Alẹ́ṣinlọ́yẹ ní Ìbàdàn níbí. Ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí àwọn ọmọ Ojoo fọwọ́ ara wọn jí dìde kò ní ṣàìrí àyè níbẹ̀, kí a kọ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láti orí ọ̀gá dé orí ọmọ tí ń gbé sípánà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò sì gba owó. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé rán akọ̀wé méjì jáde láti Mọníyà pẹ̀lú ìwé àti bírò. Kí wọ́n rìn láti ìkóríta Ojoo lọ sí Sáṣá, kí wọ́n wọ inú ọgbà àwọn mẹkáníìkì, kí wọ́n kọ irú ọkọ̀ tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀, ọdún tí a ṣe é, ẹni tí ó ni ín, àti bóyá ó fẹ́ tà á. Kí wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀ kí ẹni tí ó bá ní owó lè rí i. Kí wọ́n ṣe é kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn onírin kò ní dúró dè wọ́n.